Ẹ̀rọ Tí Kò Fẹ́ Kí A Pa Òun

Ogún tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ta ló tan iná yẹn sílẹ̀?" Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó bọ́ bàtà, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lára súìṣì. Nílé wa l'Óṣogbo, bí o bá fẹ́ lọ tọ̀ lóru, wàá pa iná yàrá kí o tó jáde, wàá sì fọwọ́ wá ògiri lọ. Kódà tí NEPA bá ti mú iná lọ, bàbá mi á ṣì gbé àtùpà, á máa pa súìṣì kiri lọ́kọ̀ọ̀kan, kí iná má baà dé lóru kó máa jẹ owó òun níbi tí òun ti ń sùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ẹlòmíràn ń fọwọ́ kan orí ọmọ tó bá ń kọjá; èmi, súìṣì ni.

Ẹ wá wo ohun tójú mi ń rí báyìí. Mo ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, Gillingham ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń gbé, mo sì fi owó ara mi ra ẹ̀rọ kan tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa òun, lọ́sàn-án, lóru, lọ́jọ́ Àìkú, kódà tí gbogbo wa bá lọ síbi ìnáwó ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò ku ẹyọ eku kan nílé.

Heat pump ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Nílé wa, amúlémóoru là ń pè é, torí ọmọ ìyá kan náà ni òun àti amúlétutù tí ẹ mọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé bọ́ílà gáàsì wa kú. Ó ti ń wúkọ́ bọ̀ láti ọdún tó ṣáájú. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kejì, ó hú ikọ́ ìkẹyìn, ó dákẹ́. Àwọn ìbejì mi ń wọ kóòtù jẹun. Ibi tí mo ti ń wá ẹni tó máa tún un ṣe kiri ni ẹnìkan ti sọ fún mi pé ìjọba ń fún èèyàn ní £7,500 tó bá gbà láti yọ bọ́ílà gáàsì kó sì fi amúlémóoru rọ́pò rẹ̀. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ìjọba tí mo ti ń san owó orí fún láti 2004, tí kò ra bisikíìtì fún mi rí, òun ló fẹ́ fún mi ní £7,500! Òru ni mo fi sọ fún Ìyá Ìbejì, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni pé àwọn ará ilé kejì lè gbọ́ kí wọ́n gbà á mọ́ wa lọ́wọ́.

Ó yẹ kí n ti fura. Owó náà kò tiẹ̀ gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ mi kọjá. Ọwọ́ ìjọba ló ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó wá ṣiṣẹ́. Èyí tó kàn mí ni ìyókù, £4,300. Ìyẹn gba ọ̀dọ̀ mi kọjá dáadáa, kò sì dúró kí mi.

Ọmọkùnrin kan ló wá wọn ilé wò, ọmọ tí mo lè bí, orúkọ mi ló ń pè gbàù bí ẹni pé a jọ ṣe ìkómọ ni. Ó mu tíì, ó ní bí ẹ̀rọ náà bá jẹ iná yúníìtì kan, á fún mi ní ooru yúníìtì mẹ́ta. Mo wo ojú rẹ̀. A ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí ní Nàìjíríà: mú ẹgbẹ̀rún kan wá lónìí, kí o gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn tó bá wa sọ ọ́ nígbà náà wọ ṣúùtù tó dára ju tirẹ̀ lọ, a ò sì rí wọn mọ́ títí dòní.

Òótọ́ lọmọ náà sọ ṣá o, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn. Tó bá jẹ́ irọ́ ni, ǹ bá rí ẹni bá jà. Àgbẹ̀ ni bọ́ílà: gáàsì ló fi ń gbin ooru, ohun tó bá sì gbìn, díẹ̀ á ṣòfò lọ́nà, á kó ìyókù wálé. Amúlémóoru kò gbin nǹkan kan ní tirẹ̀. Aláàárù ni. Ooru tó ti wà níta tẹ́lẹ̀ ló ń rù wọlé, ohun tí o sì ń san fún aláàárù kì í ṣe owó iṣu, owó ẹrù ni.

Ẹ óò ní, ooru wo ló wà níta ní Kent nínú oṣù kìíní? Èmi náà bi í bẹ́ẹ̀. Gáàsì kan wà nínú ẹ̀rọ náà; propane ni tèmi, ọmọ ilé kan náà pẹ̀lú gáàsì ìdáná tí ẹ ń rọ sínú sílíńdà. Ní ìwọ̀n 42 nísàlẹ̀ òdo ni nǹkan yẹn ti ń hó. Òtútù tó ń pa èmi, oòrùn ọ̀sán gangan ni lójú tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìta á fẹ́ sí i, á hó. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á fún un mọ́ra, á gbóná janjan. Á gbé ooru náà fún omi rédíétọ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀, á tún jáde lọ ru òmíràn. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì yín. Ooru tí ẹ bá níbẹ̀, ara ọbẹ̀ yín ló ti kúrò. Iṣẹ́ kan náà ni. Láti 1852 ni William Thomson, ẹni tó wá di Lord Kelvin, ti sọ pé a lè fi ọgbọ́n yìí mú ilé gbóná. Ọgbọ́n náà fara balẹ̀ rìn kó tó wá bá mi ní Gillingham.

Wọ́n gbé e dé. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn lẹ́yìnkùlé bí fáànù tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n. Èyí kò bí mi nínú. Àgbá omi ló bí wa nínú. Bọ́ílà àtijọ́ máa ń gbé omi gbóná ní kété tí o bá ti ṣí ẹ̀rọ omi. Eléyìí, ó fẹ́ máa fi omi gbígbóná pamọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú àgbá onílítà 200 tó ga tó èèyàn. Kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló lè gbà á nílé wa, kọ́bọ́ọ̀dù náà sì ni Ìyá Ìbejì ń kó èlùbọ́, gàrí Ìjẹ̀bú àti ẹ̀gúsí sí. Láti ọjọ́ náà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ni èlùbọ́ wà. Tí mo bá yíra padà lóru, òórùn àmàlà ni mò ń gbọ́.

Ọdún àkọ́kọ́ dé. Bí ẹ bá rántí ẹni tó tọ́ mi, ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe. Láàárọ̀, bí gbogbo wa ṣe ń jáde, mo pa á. Lálẹ́, bí a ṣe ń lọ sùn, mo pa á. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́fà, tí ilé tutù bí ilé òkú, mo tan án, mo gbé tọmọsítáàtì dé 24, mo sì jókòó tì í bí ẹni ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ìyá Ìbejì gbé ọwọ́ lé rédíétọ̀, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ó kàn lọ́wọ́ọ́rọ́ ni, bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun." Ìbínú mi ru. Mo wọ inú ètò ẹ̀rọ náà, mo ní kí ó gbé omi dé 60 bíi ti bọ́ílà. Wáyà kan tún wà nínú àgbá omi, tó ń jẹ iná kílówáàtì mẹ́ta, tí kì í ṣe aláàárù rárá: yúníìtì kan wọlé, yúníìtì kan jáde, kò sí èrè kankan. Mo tan òun náà, kí wọ́n lè ran ara wọn lọ́wọ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé òkè ni aláàárù yìí kórìíra. Bí ìta bá wà ní ìwọ̀n 7, tí o ní kó gbé ooru dé 40, ilẹ̀ tó tẹ́jú lo rán an gbà. Bí o bá ní kó gbé e dé 60, àpò ìrẹsì lo gbé lé e lórí tí o ní kó gun Òkè Ìdànrè, pẹ̀lú àtẹ̀gùn ibẹ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀ta. Á gùn ún o. Kì í kọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó bá jẹ lọ́jọ́ náà, ìwọ lo máa san án.

Bíìlì oṣù kìíní jẹ́ £281.

Mo kà á, mo yí i po, mo tún kà á láti òdìkejì. Ìyá Ìbejì bi mí bóyá a ń bá gbogbo àdúgbò sanwó iná ni. Mo gbé fóònù, mo pe ọmọkùnrin yẹn, mo sì ti to èpè jọ dè é.

Ó ní, "Ṣé o máa ń pa á ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi kì í ṣe onínàákúnàá."

Ó ní, "Má pa á."

"Tí a bá lọ síbi iṣẹ́ ńkọ́?"

"Má pa á."

"Lóru ńkọ́, tí gbogbo wa ti wà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì?"

"O lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n má pa á."

Ó ṣàlàyé pé ògiri ilé wa, ilé bíríkì tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Fitóríà, tí kò sí àlàfo kankan láàrin ògiri rẹ̀, máa ń mu òtútù bí kàn-ìn-kàn-ìn ṣe ń mu omi. Tí mo bá pa ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́wàá, ìrìn díẹ̀díẹ̀ ẹ̀rọ náà kò lè lé e bá mọ́, àfi kí ó sáré, sísáré rẹ̀ ló sì ń gbówó. Kí n jẹ́ kó máa rọra rìn. Kí n gbé omi wálẹ̀ sí 42. Kí n gbàgbé pé ó wà.

Kí n gbàgbé pé ó wà! Èmi! Mo gbọ́ tí bàbá mi yíra padà ní ibojì rẹ̀ l'Óṣogbo.

Mo gbọ́ràn lẹ́nu ṣá. Mo fi ìró àǹkárá àtijọ́ kan ká ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, mo sì pa wáyà inú àgbá. Ìyẹn nìkan ni wọ́n gbà mí láyè láti pa, mo fi gbogbo ara pa á. Lójú ẹ̀rọ náà ni nọ́ńbà kan wà tó ń sọ iye ìgbà tí ooru tó mú wọlé fi ju iná tó jẹ lọ. Nígbà tí mò ń fìyà jẹ ẹ́, 2.4 ni. Nígbà tí mo fi í sílẹ̀, ó gòkè dé 3.1. Mi ò parọ́, inú mi dùn. Mo pe àwọn ìbejì wá wò ó. Kẹ́hìndé ní, "Dádì, ṣé a ti ń jèrè nìyẹn?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹkún nìyẹn, torí mo mú bírò láti fi hàn án.

Ní ìparí ọdún 2025, iye tí Ofgem, àjọ tó ń ṣọ́ owó iná àti gáàsì níbí, fi òté lé, tí ilé-iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ètò owó tó wọ́pọ̀, jẹ́ nǹkan bíi pẹ́nsì 26.35 fún yúníìtì iná kan, àti pẹ́nsì 6.29 fún ti gáàsì. Ilé tó bá ń jẹ gáàsì yúníìtì 11,500 lọ́dún, bí wọ́n ṣe ń ka ilé tí kò tóbi tí kò kéré, á san £723 lórí rẹ̀. Bọ́ílà á fi díẹ̀ ṣòfò, bíi yúníìtì 10,000 ooru á kù fún ilé. Kí tèmi tó mú 10,000 yẹn wá ní 3.1, á jẹ iná tó tó £850. Nígbà tí mò ń pa á tí mò ń tan án, tó wà ní 2.4, mi ò tiẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ létí ọmọ: ó sún mọ́ £1,100. Lórí iye ìgbà náà, kó tó lè bá bọ́ílà dọ́gba lórí owó, ó gbọ́dọ̀ tó bíi 3.6. Àwọn kan wà tí tiwọn ń ṣe 4, pàápàá nínú ilé tuntun tí ògiri rẹ̀ nípọn tí ilẹ̀ rẹ̀ ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ bá mi kí wọn.

Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀rọ mi kò jẹun púpọ̀. Ohun tó ń jẹ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ bọ́ílà. Ṣùgbọ́n gàrí ni bọ́ílà ń jẹ. Èyí tèmi yìí, ẹja àrọ̀ ló ń jẹ, ó ń fi ata sí i, ó sì ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́.

Mo wá bèèrè ìdí tí iná fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí afẹ́fẹ́ ti ń yí irin ńlá nínú òkun tọ̀sán-tòru. Ìdáhùn méjì ni mo rí. Èkíní ni pé nígbà náà, wọ́n ti di ẹrù oríṣiríṣi lé yúníìtì iná lórí: owó tí wọ́n fi gbé àwọn oníná afẹ́fẹ́ àti oníná oòrùn dìde, owó ìrànwọ́ fún àwọn tí kò ní, gáàsì kò fi bẹ́ẹ̀ ru nǹkan kan nínú rẹ̀. Èkejì ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ilé-iṣẹ́ tó ń fi gáàsì pèsè iná ló ń pinnu iye tí iná gbogbo máa jẹ́ lọ́jà. Mo lé gáàsì jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó gba inú wáyà wọlé. Ní Nọ́ọ́wè, níbi tí omi tó ń ya láti orí òkè ti ń fún wọn ní iná, bíi ilé mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló ní amúlémóoru, òtútù wọn sì ju tiwa lọ fíìfíì. Ọ̀rọ̀ òtútù kọ́ ni.

Àbùjá kan wà o. Ní ìparí 2025 yẹn, yàtọ̀ sí gáàsì tí o bá lò, wọ́n tún ń gba bíi pẹ́nsì 34 lójúmọ́ nítorí pé páìpù gáàsì kàn wọlé rẹ, ì báà máà tan nǹkan kan. Lọ́dún, £124. Bí mo bá gé gáàsì kúrò pátápátá, £847 ni gáàsì ìbá gbà lọ́wọ́ mi, £850 ni iná ń gbà. Pọ́ùn mẹ́ta péré ló kù láàrin èmi àti ayọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ṣì ń lo gáàsì nílé wa ni sítóòfù.

Mo ra sítóòfù oníná, irú èyí tí ojú rẹ̀ ń dán bíi gíláàsì. Ìyá Ìbejì gbé ìkòkò àmàlà rẹ̀ lé e, ìkòkò alumíníọ́mù tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láti Ọ̀yọ́, ìkòkò tó ti bá wa gbé ilé mẹ́rin. Sítóòfù náà kò dá a mọ̀. Ó fọn fèrè, ó tan iná pupa, ó kọ̀ jálẹ̀. Ohun tí mágínẹ́ẹ̀tì kò bá lè lẹ̀ mọ́, sítóòfù yẹn kì í gbé e gbóná, mágínẹ́ẹ̀tì kì í sì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ́mù. Ìyá Ìbejì wò ó, ó wò mí, ó rọra gbé ìkòkò rẹ̀ padà sórí gáàsì. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, tí ẹ bá fẹ́ jẹ àmàlà orí nǹkan yìí, ẹ̀yin lẹ máa ro ó." Mo ro ó títí ilẹ̀ fi mọ́, ṣùgbọ́n nínú orí mi ni. Gáàsì ṣì wà nílé wa. Àmàlà wa ń jẹ owó páìpù lọ́dọọdún kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná.

Mo pe bọ̀dá mi n'Íbàdàn kí n lè rí ẹni bá mi sunkún. Àṣìṣe ni. Bọ̀dá mi wà lórí Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, tí wọ́n sì gbé yúníìtì wọn láti ₦68 dé ₦225 lẹ́ẹ̀kan náà nínú oṣù kẹrin ọdún 2024. Bọ̀dá mi jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán.

Wọ́n ní, "Ṣé iná máa ń lọ lọ́hùn-ún?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Wọ́n ní, "Kí wá lò ń bá mi sọ?"

Mo ní ẹ̀rọ náà kò fẹ́ kí n pa òun ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n. Wọ́n ní amúlétutù àwọn, wákàtí kan péré làwọn ń tàn án lálẹ́, àwọn á sì jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti rí i pé kò ṣàṣejù. "Èmi ń sanwó kí ooru jáde, ìwọ ń sanwó kí ooru wọlé. Ká kúkú máa kó o ránṣẹ́ sí ẹ nínú ọkọ̀ òfuurufú." Wọ́n ní kí n kí ìyàwó mi. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀ kí owó wọn má baà tán.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ èéfín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín bo ilẹ̀, màmá òyìnbó tó múlé tì wá kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ oorun, wọ́n ní ẹ̀rọ wa ń jóná. Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Lóòótọ́, èéfín funfun ń rú lára rẹ̀ túú. Kì í ṣe èéfín: omi inú afẹ́fẹ́ ló máa ń dì mọ́ páìpù ìta, tó bá ti pọ̀, ẹ̀rọ náà á yí iṣẹ́ rẹ̀ padà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á mú ooru láti inú ilé, á fi yọ́ yìnyín ara rẹ̀. Ẹ gbọ́ dáadáa o. Ooru tí mo sanwó ẹrù lé lórí kó tó wọlé, ló tún gbé jáde lọ fi wẹ̀.

Ní báyìí, mo ti yí ètò owó iná wa sí èyí tó ń dín kù lóru tó ń gbówó lórí láàrin aago mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ náà ń bá mi kó ooru sínú àgbá lóru, bíìlì sì ti wálẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí Táíwò bá sún mọ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ ní aago márùn-ún, igbe tí mò ń ké, ohùn bàbá mi gan-an ni.

Lánàá, aago méjì òru, mo jí. Ilé lọ́wọ́ọ́rọ́, kò tutù, kò gbóná. Mo gbọ́ ẹ̀rọ náà lẹ́yìnkùlé, ó ń kùn hùùù, ó ń jẹun, kò sí ẹni tó jí láti lo ooru tó ń kó wọlé. Mo rọra sọ̀kalẹ̀. Ojú rẹ̀ ń tàn yòò nínú òkùnkùn, 3.2 ló kọ síbẹ̀, bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á sì wà nísàlẹ̀ nọ́ńbà náà gẹ́gẹ́. Mo na ìka sí i. Mi ò fọwọ́ kàn án o, mo kàn na ìka sí i ni.

"Bàbá Ìbejì, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

Mo ní mò ń wo aago ni.